Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Kọ́ Eré Sísá Nítorí Òkè Àkúnlẹ̀

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kí ó tètè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó lọ yí iṣu. Ẹnu Ọdẹ́dìran fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Iwin inú rẹ̀ ń ga sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òkè inú rẹ̀ kò yí padà rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba òkè náà gbọ́.

Ọdẹ ni Ọdẹ́dìran ní ìlú Ìdíòkè. Bí ó bá wúkọ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹtu inú igbó a ti máa dágbére fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹran pípa kọ́ ni iyì ilé wọn. Iyì ilé wọn ni pé wọn kì í sá. Baba rẹ̀ kò sá fún ẹfọ̀n, baba-ńlá rẹ̀ kò sá fún ogun, bí wọ́n bá sì ń kì wọ́n, báyìí ni wọ́n ń wí:

Ọmọ Adúró-gbọn-in,
Ọmọ a-rí-ẹkùn-má-yẹsẹ̀.
Ilé ń jó, baba yín mú ògúnná níbẹ̀,
Ó fi tan ìkòkò tábà.

Ọdẹ́dìran sọ fún mi pé òun àti ẹkùn kan jọ wo ara wọn lójú láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi kan àtàrí, ojú ló sì ti ẹkùn. Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra rín in. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó sì fi awọ ẹkùn náà hàn mí.

Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú náà tó tẹ̀ síwájú bí obìnrin tó ń kí ìyakọ rẹ̀. Òkè Àkúnlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Ìdíòkè gbà pé àwọn ni òkè náà ń kúnlẹ̀ kí, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ kí ni kì í bá ni jà. Wọ́n wá dáko sí èjìká rẹ̀. Wọ́n gé igi orí rẹ̀ fi dáná. Wọ́n kọ́ ilé lọ títí tí ilé fi kan orúnkún rẹ̀.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́dìran, amọ̀kòkò ni. Ìdí òkè náà ni òun àti àwọn amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wa amọ̀. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ó ṣàkíyèsí pé kòtò amọ̀ ń sun omi nígbà tí odò ìlú ti gbẹ tán. Ó rí i pé igi osè etí kòtò, tó dúró ṣánṣán láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ti ń tẹ̀ sí ìlú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì là tó bẹ́ẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi wọ inú rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òkè kì í rìn. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ rẹ̀ ní bí ó bá tilẹ̀ rìn, ibo ló ń lọ?

Nígbà tí òjò oṣù Agẹmọ dé, abala òkè tó tóbi tó ilé mẹ́ta já lọ́sàn-án gangan, ó sì bo ilé Láṣebìkan mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ ni Láṣebìkan, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í kọjá lára ẹni láìdá ẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wa ilẹ̀ kí wọ́n tó kan òkú rẹ̀. Ọdẹ́dìran wà lára àwọn tó wà á, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti sọ mọ́ pé òkè kì í rìn.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ìbẹ̀rù ti mú gbogbo ènìyàn, kálukú sì ń bu ẹ̀bi lé ẹlòmíràn lórí. Àjèjì kan tó ń ta obì káàkiri wá sọ pé òun gbọ́ nípa ìlú kan tó wà lẹ́yìn igbó àwọn iwin, tí òkè tó ga ju Àkúnlẹ̀ lọ dúró lé lórí. Ọdọọdún ni òkè náà ń já, ó sì ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti pa ènìyàn kan gbẹ̀yìn. Baálẹ̀ ní a jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ní oògùn tí wọ́n fi de òkè wọn. Ta ni yóò lọ mú oògùn náà wá? Gbogbo ojú yí sí Ọdẹ́dìran, òun náà sì ti ń na ara kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró di àádùn àti gààrí fún un. Kò sunkún, kò sì gbà á ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Ohun kan péré ló sọ.

“Ọkọ mi, ìbéèrè ni kí o gbé lọ. Má gbé oríkì lọ.”

Ọdẹ́dìran ní òun gbọ́. Oríkì náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó dé ẹ̀yìn odi.

N kò ní í fi ìrìn rẹ̀ dá yín lágara. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, ọ̀nà ló sì gbà. Ó wọ Igbó Adákẹ́jẹ́, níbi tí ẹyẹ kì í ti í ké, tí ewé bá sì fẹ́ já, yóò kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Ní àárín igbó náà ni ó ti kan iwin kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ ẹlẹ́pà. Iwin náà dùbúlẹ̀, ó fi etí kan lélẹ̀, ó fi ìkejì bo ara bí aṣọ. Ọdẹ́dìran kí i. Iwin fi ìka bo ẹnu. Ọdẹ́dìran tún kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀, ni iwin bá dìde jókòó, ó ní ọdẹ náà ti da ọ̀rọ̀ tí òun ń gbọ́ rú, àfi kí ó já àlọ́ kan fún òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò fi í jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

“Mo ní ọ̀rẹ́ kan,” ni iwin wí. “Ó ń mu, kì í yó. Ó ń mu, kì í yó. Ọjọ́ tó bá yó, orí ọmọ rẹ̀ ló ń sùn lé. Ta ni?”

Ọdẹ́dìran ronú títí. Ó wá rántí ọkùnrin ẹlẹ́mu kan ládùúgbò wọn tó mu àmupara lọ́jọ́ kan tó sì jókòó lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ó dárúkọ ọkùnrin náà, ó tilẹ̀ júwe ilé rẹ̀. Iwin bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí etí rẹ̀ fi ń fẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, tí ewé igbó náà sì ń já wúwúwú. Ó ní nítorí ẹ̀rín yìí, òun kò ní í jẹ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àlọ́ náà yóò bá a lọ. Lóòótọ́, láti ọjọ́ náà ni àlọ́ náà ti ń rìn nínú etí Ọdẹ́dìran bí kòkòrò. Bí ó bá jókòó, a rìn. Bí ó bá sùn, a ta.

Ibi tó dé lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Ìlú Kóńkó-Jabele, ẹ sì mọ ohun tí orúkọ náà ń wí: oníkálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Orí ìdagẹ̀rẹ̀ ni ìlú náà wà. Kálukú ti gbẹ́ ojú àgbàrá tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ a mọ odi dí i, ẹni òkè a sì tún gbẹ́ ojú àgbàrá yí odi náà kọjá. Ọdẹ́dìran wọ ilé àkọ́kọ́ láti sinmi, bẹ́ẹ̀ ni òjò dé. Kí ó tó bọ́ fìlà, àgbàrá ti gbé e. Onílé kí i káàbọ̀, ó fi ìgbálẹ̀ gbá òun àti omi jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bọ́ sí ilé kejì. Wọ́n bi í léèrè àlàáfíà, wọ́n gbá a jáde. Ilé méje ni ó bá omi là kọjá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Ọdẹ́dìran sì máa ń sọ pé nínú ayé òun, òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ ilé lé àlejò bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé ìkẹjọ, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, jẹ́ ti opó arúgbó kan. Òrùlé ló ń gbé. Ó ti gbé ẹní, ààrò àti adìyẹ rẹ̀ gun àjà. Ó na igi sísàlẹ̀, ó fi fa Ọdẹ́dìran gòkè bí ẹni fa korobá nínú kànga, ó sì fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ọdẹ́dìran bi í léèrè ẹni tó ń ṣe àkóso omi ní ìlú wọn. Ìyá náà wò ó tìyanutìyanu.

“Omi kò ní olórí níbí,” ni ó wí. “Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ni ín.”

Ọdẹ́dìran ronú kan Láṣebìkan, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ oko gbogbo ìlú.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ó dé ibi tó ń lọ. Eré-Níyì ni orúkọ ìlú náà. Òkè tó dúró lé e lórí ga débi pé ìkùukùu ni fìlà rẹ̀. Obìnrin méjì ló ń hun okùn lẹ́nu bodè. Wọ́n bi í ta ni. Ọdẹ́dìran gbàgbé ìkìlọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó na àyà, ó ní òun ni ọmọ Adúró-gbọn-in, òun ni ẹni tí kì í sá.

Àwọn obìnrin náà fi okùn sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n sì rọra kí i kú ara fẹ́ra kù. Èkejì béèrè ọjọ́ tó kú.

Kò yé e. Wọ́n wá fi ibi ìsìnkú wọn hàn án lọ́wọ́ ọ̀tún bodè, níbi tí àwọn tí òkè pa ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wà. Ó lé ní ogójì ojú oórì, gbogbo wọn ni wọ́n sì fún ní orúkọ kan náà lórí òkúta: Kò-Sá. Ní ìlú yẹn, òkú nìkan ló ń jẹ́ orúkọ tí Ọdẹ́dìran fi ń ṣògo. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ tutù díẹ̀.

Yèyé Aṣọ́lẹ̀ ni wọ́n mú un lọ bá, ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀. Kò wọ adé, kò sì ní ìtẹ́, ẹrẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ́dìran jíṣẹ́: oògùn tí wọ́n fi de òkè ni òun wá gbà. Yèyé ní kí ó kọ́kọ́ jẹun. Ní ọjọ́ kejì ó tún béèrè, Yèyé tún ní kí ó jẹun. Ó fi í wọ̀ sí ilé Ṣìjúwadé, obìnrin ahunṣọ tó ní ọmọ mẹ́ta àti baba afọ́jú. Wọ́n sì sọ fún un pé bí ó bá gbọ́ agogo, kí ó sá gun òkè kejì tó wà ní òdìkejì ìlú pẹ̀lú àwọn ará ilé náà.

Ní ọjọ́ kẹta, bí Ọdẹ́dìran ti fọwọ́ kan iyán, agogo dún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ rí ìlú tó ń sá! Arúgbó ń sá, aláboyún ń yára, ọba wọn ká agbádá sórí ó ń ju ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ké, ẹnikẹ́ni kò ti ẹnìkejì rẹ̀. Ọdẹ́dìran wo òkè, ó rí i pé kò mira. Ó mọ̀ pé wọ́n kàn ń fi dánra wò ni. Ó bu òkèlè sí i.

Kò pẹ́ tí Ṣìjúwadé fi wọlé padà. Ó ti gbé baba rẹ̀ gòkè, ó ti fi àwọn ọmọ tì í, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka orí, ilé rẹ̀ dín ẹnì kan. Ó dúró níwájú Ọdẹ́dìran, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, aṣọ rẹ̀ ti ya láti orúnkún.

“Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “èmi àti ìwọ ì bá ti wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ mi ń wo ọ̀nà mi lókè lọ́hùn-ún.”

Ó yí padà, ó lọ. Kò bú u. Ọdẹ́dìran sọ fún mi pé iyán náà di amọ̀ lẹ́nu òun. Gbogbo ìgbà tí òun ti ń dúró nínú ayé òun, òun kò béèrè rí bóyá ẹnì kan ń padà bọ̀ wá wá òun.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín, kò rọrùn. Ìgbà àkọ́kọ́, àdó àti oǹdè ara ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí igbá ìlẹ̀kẹ̀, ìyá àgbà méjì tó ti ń tẹ̀pá kọjá lára rẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ dúró kí i kú iṣẹ́. Ìgbà kejì ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ sílé. Ìgbà kẹrin ni ó gbé baba Ṣìjúwadé sẹ́yìn, tí kò sì jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Nígbà náà ni Yèyé Aṣọ́lẹ̀ mú un lọ sí èjìká òkè. Ilẹ̀ là níbẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n ti kan èèkàn méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó là náà, wọ́n sì na okùn oníkókó láti èkíní dé èkejì. Láràárọ̀ ni ilé tí ó bá kàn máa ń gòkè wá ka kókó okùn náà. Bí èèkàn bá jìnnà síra ju ti àná lọ, gbogbo ìlú yóò gbọ́ kí oòrùn tó là. Ó fi ojú àgbàrá tí gbogbo ìlú jọ gbẹ́ hàn án, èyí tó yí ká òkè tí kò sì wọ ilé ẹnikẹ́ni, àti ọparun tí wọ́n gbìn sí ibi tí wọ́n ti gé igi tẹ́lẹ̀. Ó fi òkúta omi òjò hàn án, òkúta oníhò tó ń gba òjò, tí wọ́n ń wò láti mọ ìwọ̀n tí òkè ti mu.

Ìgbà tí ó gbọ́ “mu,” kòkòrò tó wà nínú etí rẹ̀ ta.

“Ilẹ̀ ni,” ni Ọdẹ́dìran wí. “Ilẹ̀ ló ń mu tí kì í yó.” Kòkòrò náà sì fò jáde.

Yèyé kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó nawọ́ sí pápá kan nísàlẹ̀. Ilé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ni ó wí. Òkè la ẹnu, ilé òfìfo ló jẹ. Ọdẹ́dìran tún béèrè oògùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìtìjú ti ń mú un díẹ̀.

“Òkè kò ṣeé dè, ọmọ mi,” ni Yèyé dáhùn. “Ènìyàn ni a ń dè mọ́ ara wọn.”

Kò fún un ní ohunkóhun lọ́wọ́. Èyí ló dun Ọdẹ́dìran jù. Bí ó ti ń padà bọ̀, ó ń rò ó bí òun yóò ṣe dúró níwájú Baálẹ̀ ní ọwọ́ òfìfo. Nígbà tó dé Igbó Adákẹ́jẹ́, ó já ewé tó rẹwà, ó fi òwú pupa dì í, ó sì ń wá ọfọ̀ tó gùn tí yóò fi gbè é. Iwin elétí atẹ bá a lẹ́nu rẹ̀. Ọdẹ́dìran já àlọ́ náà fún un, inú iwin sì dùn. Ó wá bi í léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́dìran kò lè purọ́ fún ẹni tí etí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iwin tú òwú náà, ó gbóòórùn ewé, ó ní ẹ̀fọ́ ni, ó sì dùn púpọ̀ bí a bá fi ìgbín sí i. Wọ́n sè é, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Báyìí ni oògùn Ìdíòkè ṣe parí sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Òtítọ́ ni Ọdẹ́dìran sọ nígbà tó délé. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú, láti orí èèkàn títí dé orí eré. Olúọdẹ Ajíbóyè, olórí gbogbo ọdẹ, ẹni tó kọ́ Ọdẹ́dìran ní iṣẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“A rán ọdẹ lọ sígbó,” ni ó wí, “eré ni ó pa bọ̀.”

Ẹ̀rín sọ. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní í fi agbára mú ẹnikẹ́ni sá, òun kò sì ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá fẹ́ sá. Ìpàdé tú.

Àwẹ̀ró dúró de ọkọ rẹ̀ nílé. Ó ní kí ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, kí ó sì rọra sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì òun àti àwọn amọ̀kòkò mẹ́tàlá gòkè lọ kan èèkàn sí ibi tí ilẹ̀ là. Nípa ti òkúta omi òjò, ó ní ìyẹn kò tó. Ó mọ ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì fi ọ̀dà fa ìlà mẹ́ta sí i nínú: funfun nísàlẹ̀, dúdú láàárín, pupa lókè. Bí omi òjò bá kan funfun, kí ẹ̀ṣọ́ gòkè. Bí ó bá kan dúdú, kí a gbé àwọn aláìlera lọ. Bí ó bá kan pupa, kí ẹnikẹ́ni má mú nǹkankan, kí gbogbo ènìyàn máa lọ. Ó gbé e sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ńlá kan tí wọ́n so rọ̀ sára igi láti máa lù bí agogo.

Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní oṣù kan. Ní oṣù kejì, nígbà tí ojú àgbàrá tí àwọn amọ̀kòkò gbẹ́ jẹ́ kí ààrò ilé mẹ́jọ gbẹ, àwọn onílé mẹ́jọ náà mú ọkọ́ wá. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Ìdajì ìlú ti ń gbẹ́ ilẹ̀ kí ọdún tó yí, wọ́n sì ti dáwọ́ igi gígé dúró lórí òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eré kò wọ̀ wọ́n létí. Àwọn amọ̀kòkò nìkan ló ń sá gun òkè kejì tó wà ní òdìkejì ìlú, Ọdẹ́dìran a sì máa sá lẹ́yìn wọn ní kùtùkùtù, kí àwọn ọdẹ tó jí.

Ọdún kejì, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kẹta, Ọdẹ́dìran wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Olúọdẹ Ajíbóyè, nítòsí orúnkún òkè, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń pín ẹran. Ó ti sọ ọ́ láti òwúrọ̀ pé omi ti kọjá ìlà dúdú. Wọ́n ní kí ó jẹ ẹ̀dọ̀, kí ó dákẹ́. Lójijì, irin dún. Àwẹ̀ró ló ń lù ú. Okùn èèkàn ti já, omi tó ń sun lára òkè sì ti ki bí ògì.

Kò sí ẹni tó dìde. Àwọn ọdẹ kò wo òkè. Ọdẹ́dìran ni wọ́n ń wò. Ó sọ fún mi pé ojú wọn wúwo ju ojú ẹkùn lọ. Ó ronú kan baba rẹ̀ àti ìkòkò tábà rẹ̀. Ó tún ronú kan èémí Ṣìjúwadé. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

“Níbo?” ni Ajíbóyè béèrè.

“Òkè kejì, bàbá. Ẹ dìde.”

“Èmi kọ́.”

Ọdẹ́dìran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé Olúọdẹ kọ́ èjìká bí ẹni gbé ìgalà, ó sì bẹ́ sí ojú ọ̀nà. Ajíbóyè ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ nà án lẹ́yìn, ó ń ṣépè tí òjò kò jẹ́ kí a gbọ́ parí. Ó sá gba ojúde Baálẹ̀ kọjá. Ó sá gba ìsàlẹ̀ ọjà. Dúrójayé, obìnrin kan tó ń gbe omi òjò sínú korobá lẹ́bàá ọ̀nà, tẹjú mọ́ ọn.

“Ọdẹ́dìran ló ń sá yẹn?” ni ó wí fún ara rẹ̀. “Bí ìyẹn bá ń sá, kí lèmi ń dúró ṣe?”

Ó ju korobá sílẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, òun náà bẹ̀rẹ̀. Ilé ń pe ilé, àdúgbò ń fa àdúgbò. Àwọn ọdẹ tó kù lọ́dẹ̀dẹ̀ wo ara wọn, wọ́n fi ẹran sílẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò dúró ní oríta, wọ́n ń nawọ́ sí ọ̀nà, wọ́n ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó rù ju agbára lọ.

Wọ́n ti wà lórí òkè kejì nígbà tí ariwo kan dún láti inú ilẹ̀, bí ẹni pé ayé fẹ́ hó. Òkè tó ti ń kúnlẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ló já lẹ́ẹ̀kan. Ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ilé Ajíbóyè lọ. Ilé Ọdẹ́dìran lọ, pẹ̀lú gbogbo agbárí ẹran tó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí ní agboolé-agboolé. Agboolé kan pé. Èkejì pé. Nígbà tí wọ́n dé ti Ọdẹ́dìran, ó dín ẹnì kan. Ó yí ojú ká. Àwẹ̀ró, tó ń lu irin, kò sí níbẹ̀.

Ó kọjú sí ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta nígbà tí àwọn amọ̀kòkò so mọ́ ọn lára, mẹ́fà lápá ọ̀tún, méje lápá òsì. Wọ́n ní òfin tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í padà nígbà tí ilẹ̀ ń rìn. Ọkùnrin tí ẹkùn kò lè ṣí nípò, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í, wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹnì kan tó ń ti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ gòkè bọ̀, tó ń rìn bí ẹni tó ti rẹ̀. Ẹrẹ̀ bò ó débi pé ojú rẹ̀ nìkan ló funfun. Ìyá Dúrójayé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọmọ rẹ̀ sì gbàgbé sílé nínú ìjayà, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀.

“Mo gbọ́ pé o sá,” ni ó wí.

“Mo sá,” ni Ọdẹ́dìran dáhùn.

Ó jókòó tì í. Wọ́n sì parí orí kíkà. Ìlú Ìdíòkè pé, kò ku ẹnì kan.

Wọn kò kọ́ ilé síbẹ̀ mọ́. Ọparun ni wọ́n gbìn. Wọ́n kó lọ sí apá kejì odò, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń ru amọ̀. Ṣùgbọ́n Olúọdẹ Ajíbóyè kò bá Ọdẹ́dìran sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Bí Ọdẹ́dìran bá kí i, a wo ojú ọ̀run. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ó wá dúró sí ẹnu àgọ́ Ọdẹ́dìran, ó wo ilẹ̀ títí.

“Ọjọ́ wo ni ti agboolé mi láti wo èèkàn?” ni ó béèrè.

Ọdẹ́dìran ní ọ̀la ni.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ajíbóyè gòkè lọ pẹ̀lú okùn oníkókó lọ́rùn. Ó pẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó lọ bá Àwẹ̀ró àti àwọn amọ̀kòkò níbi tí wọ́n ti ń po amọ̀, ó ní kókó okùn kò yàtọ̀ sí ti àná. Wọ́n ní ó ṣeun, bàbá. Ó dúró díẹ̀. Ó wá bi wọ́n léèrè, bí kò bá ní í jẹ́ wàhálà fún wọn, bóyá kí òun tún padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí ẹsẹ̀ ìtàn yìí bá mi rìn dé nìyí. Mo ti gbé e kalẹ̀ láìfọ́. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, ó tó àkókò kí ó lọ wò ó.